Ìyàwó Lójú Ìjọba, Omidan Lójú Màmá

Herlinda Olivares ń bu ẹ̀wà sínú àwo àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò épírónì rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń pè. Láti àárọ̀ ló ti ń gbàdúrà sínú. Bó ṣe ń bu ẹ̀wà ló ń ka "Mo kí ọ, Màríà", nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni Evaristo ọkọ rẹ̀ ń lọ síwájú ọ̀gá tó ń fúnni ní físà, ní ìlú tó jìnnà tó fi jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì lèèyàn máa sùn kó tó dé ibẹ̀. Ó ti ṣíbí ńlá náà sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń sè, ó sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò tiẹ̀ kí i. "Ṣé wọ́n ti fún ẹ?"

Evaristo mí kanlẹ̀. "Aya mi, wọ́n ní òpùrọ́ ni wá."

"Ta ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀?"

"Àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ tìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dá."

Ó wá rò ó fún un. Ọ̀gá náà ò pariwo, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi í pé ìgbà wo ló gbéyàwó. Evaristo ní oṣù Kejìlá, ọdún kejì sẹ́yìn. Ọ̀gá ṣí ìwé kan, ó ní, "Ìwé owó orí ìyàwó rẹ fún ọdún yẹn gan-an rèé. Ó fọwọ́ sí i pé òun ò lọ́kọ. Kí ló dé?"

Evaristo, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po, fi gbogbo ọkàn dáhùn pé, "Nítorí pé a ò tíì ṣègbéyàwó nígbà yẹn ni, ọ̀gá."

"Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi báyìí pé oṣù Kejìlá lẹ ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ti ọ́fíìsì nìyẹn."

"Ti ọ́fíìsì. Èwo ló wá kù?"

"Ti gidi."

Herlinda fẹ̀yìn ti àpò ìyẹ̀fun. "Evaristo! O sọ pé 'ti gidi' níwájú òyìnbó ìjọba?"

"Kí wá ni kí n pè é? Ṣé ti eré la ṣe níwájú Fadá ni?"

Ọ̀gá náà dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà fún un láìfi nǹkan kan sí i, ó sì fún un ní ìwé pélébé kan. Kí ìyàwó lọ ṣàlàyé ìdí tó fi sọ fún ìjọba pé òun ò lọ́kọ, kó sì mú ìwé owó orí tó jẹ́ òótọ́ wá. Ó ní nínú méjì, kí wọ́n mú ọ̀kan: bóyá ìgbéyàwó yìí ni ayédèrú, bóyá owó orí ni wọ́n purọ́ sí. Títí wọn ó fi mú ọ̀kan, kò sí físà.

Nígbà tí Herlinda padà sídìí ẹ̀wà, ojú rẹ̀ pọ́n débi pé àwọn ọmọdé ò béèrè àfikún lọ́jọ́ náà.

Kí ẹni tó máa bá a bínú tó bínú, ẹ jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Ìlú Roma ní Texas ni Herlinda ń gbé, létí odò tó pààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Bí èèyàn bá gun afárá kọjá, Miguel Alemán ló máa bọ́ sí, ìyẹn sì ti di ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ojoojúmọ́ layé ń gba afárá yìí, àwọn kan ń lọ fa eyín, àwọn kan ń lọ kí ìyá wọn. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá Herlinda dùbúlẹ̀, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ló ń sọdá lọ ra oògùn rẹ̀ ní òdìkejì níbi tí kò ti wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bímọ, òun ń yí bàbá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì ráhùn. Lọ́jọ́ kan nínú ilé oògùn yẹn, ó bá ọkùnrin kan tó ti orí bọ inú fíríìjì tó bàjẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń kí àwọn oníbàárà.

"Ẹ má tẹ omi yẹn o, ìyàwó," ohùn kan wí láti inú fíríìjì.

"Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni."

Orí yọ jáde. "Ẹ̀n-ẹ́n? Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn."

Bí Evaristo Zamarripa, atúnfíríìjì-ṣe, ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, tí wọ́n sì bọ́ aṣọ dúdú, ó mú ìyá rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀. Doña Eduviges, ìyá Herlinda, gbà. Màmá yìí kì í pa Mísà jẹ lójúmọ́, ó sì mọ ẹni tó ń pẹ́ dé ju Fadá alára lọ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó na ìka sókè: "Títí Fadá yóò fi bù kún un, ọmọ mi ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ní òdìkejì odò, Fadá kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìkọ́kọ́ rí ìwé ọ́fíìsì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lọ dúró níwájú adájọ́ ní oṣù Kejìlá. Ó ka ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, adájọ́ ń wo aago nítorí pé ebi ń pa á. Wọ́n jẹ tamales, àgbàdo tí wọ́n fi ewé pọ́n bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, nílé ìyá Evaristo. Kí oòrùn tó wọ̀, Doña Eduviges ti di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ti gun afárá padà. Orí afárá gan-an ló ti bọ́ òrùka kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi okùn kọ́ ọ sí i lọ́rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Ìyá Olúwa, ó ní, "Kò tíì di ti ọwọ́."

Kérésìmesì dé, ó lọ. Fadá ní kí wọ́n wá gba ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀kọ́ ò tíì parí tí ààwẹ̀ Lẹ́ntì fi wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń gbéyàwó nínú Lẹ́ntì. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń ríra, nínú pálọ̀ ìyá Evaristo: Evaristo lápá kan, Herlinda lápá kan, Doña Eduviges láàárín pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Bí Evaristo bá sún mọ́ ìyàwó díẹ̀, Màmá á gbé ohùn àdúrà sókè. Oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn Àjíǹde, ni ilé Ọlọ́run tó gbà wọ́n. Kó tó di ìgbà náà, bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni létí odò méjèèjì bóyá Herlinda ti lọ́kọ, ohun tó máa sọ ni pé, "Ó kù díẹ̀."

Inú "ó kù díẹ̀" yìí ni ìgbà ìwé owó orí bọ́ sí. Àǹtí Odilia ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò kọ ọ́: irun ló ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù, owó orí ló ń kọ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ náà, ó kúkú jẹ nínú tamales yẹn.

"Ṣé kí n kọ pé o ti lọ́kọ?" ó bi Herlinda.

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn, Àǹtí. A ti fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n…"

"O ti sùn nílé ẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ṣé òun ló ń bọ́ ẹ?"

"Èmi ni mò ń bọ́ ara mi."

"Omidan ni ẹ́ nìyẹn, jàre. Kò síbi tí mo lè kọ 'ó kù díẹ̀' sí níhìn-ín." Àwọn obìnrin tó ti orí bọ ẹ̀rọ ìgbẹrun bú sẹ́rìn-ín. Odilia tẹ̀ ẹ́, Herlinda fọwọ́ sí i, ó sanwó, ó sì dúpẹ́.

Ìwé yẹn náà ló tún kó jọ mọ́ tàwọn ọdún yòókù nígbà tó tó àkókò láti ṣe onígbọ̀wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ wá láti ìlú òkèèrè ní láti fi ìwé owó orí rẹ̀ hàn, kí ìjọba lè mọ̀ pé apá rẹ̀ á ká bíbọ́ ọkọ náà. Herlinda kó o lọ pẹ̀lú ìyangàn. Kò jẹ ìjọba ní gbèsè rí. Kò mọ̀ pé òun ló ń fọwọ́ ara òun gbé ẹ̀gún fún wọn.

Lọ́jọ́ tí Evaristo pè, bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, épírónì lọ́rùn, ilé Odilia ló gbà lọ. Odilia ń kun irun ẹnì kan.

"Àǹtí, ẹ wo ohun tí ẹ kọ fún mi. Wọ́n ti dá ọkọ mi padà nítorí ẹ̀."

Odilia nu ọwọ́, ó wo ìwé náà fínnífínní. "Wo ìsàlẹ̀. Ṣé o rí orúkọ mi níbẹ̀?"

Herlinda wò ó. Ibi tó yẹ kí ẹni tó báni kọ ọ́ fọwọ́ sí ṣófo bí àwo tí ọmọdé ti lá. Orúkọ Herlinda nìkan ló dá dúró lókè rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́ fúnra rẹ nìyẹn," Odilia wí. "Èmi kàn bá ẹ tẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ gba owó lọ́wọ́ mi!"

"Mo gba owó irun lọ́wọ́ ẹ náà rí. Ṣé bí irun ẹ bá já, ilé ẹjọ́ la máa lọ? Herlinda, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọmọ àbúrò mi kan wà ní òdìkejì, iṣẹ́ ìwé ló ń ṣe. Á bá wa tún ìwé ọ́fíìsì yẹn kọ. Oṣù Kejìlá á di oṣù Karùn-ún, ìwé méjèèjì á bára mu, gbogbo wa á lọ sùn."

Ẹni tí wọ́n ń kun irun fún na etí láti gbọ́ èsì. Ẹ ò lè sọ pé kò ṣe Herlinda bíi kó gbà. Físà ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tó sì máa gbà á wọlé rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n inú ń bí i ju bó ṣe ń wù ú lọ. "Àǹtí Odilia, nígbà tí mo sọ òótọ́, wọ́n pè mí ní òpùrọ́. Ẹ wá fẹ́ kí n lọ purọ́ kí wọ́n lè pè mí ní olóòótọ́? Ẹ bá mi gba irọ́ yìí dání. Ẹ kó o sẹ́yìn kọ́tìnnì yín, níbi tí ẹ kì í ti í fọwọ́ sí nǹkan."

Ó jáde. Lójú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ débi pé ajá àdúgbò yà fún un. Ẹ gbọ́ o, ta ló ṣẹ̀? Ẹni tó bá gbé ọkùnrin wọlé láìfọwọ́ síwèé kankan, wọn ò ní rí nǹkan bi í. Òun tó fọwọ́ síwèé, tó sì tún lọ sùn sí yàrá tó kan ti ìyá rẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún, òun ni wọ́n ń wo bí ẹni tó fi ìgbéyàwó ṣòwò. Pípa tó pa ara rẹ̀ mọ́ ló wá di ẹ̀rí irọ́!

Ní ilé ìkàwé ìlú, àwọn kan máa ń jókòó ní gbogbo ìgbà owó orí láti ran aráàlú lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni Herlinda lọ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀gbẹ́ni Treviño tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ló bá pàdé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, wọn ò bi ẹ́ níbi tí o sùn. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yẹn ń béèrè: lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, ṣé òfin mọ̀ ẹ́ sí ìyàwó ẹnì kan? Bí òfin bá ti mọ̀ ẹ́, o ti jẹ́ ìyàwó fún gbogbo ọdún náà. Ìbáà ṣe Kérésìmesì ku ọ̀la lẹ fọwọ́ síwèé."

"Ta ló sọ fún mi?"

"Ó wà nínú ìwé ìlànà."

"Ta ló ka ìwé ìlànà sí mi létí?"

Ọ̀gbẹ́ni Treviño họrí. Ó fà á sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ní kí àwọn jọ tún un ṣe. Ìwé àtúnṣe kan wà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n pé òun nìkan ló ń jábọ̀ owó tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún ọkọ, wọ́n á kọ ọ́ pé ará òkèèrè ni, kì í gbé ilẹ̀ yìí, kò sì tíì ní nọ́ńbà. Wọ́n á ṣàlàyé ìdí àtúnṣe nísàlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ owó orí bá ti jẹ́rìí pé àwọn rí i gbà, ẹ̀rí yẹn ni yóò so mọ́ ìwé onígbọ̀wọ́.

"Èló ni mo máa san kún un?" Herlinda béèrè, ó ti di àpò mú.

Ọ̀gbẹ́ni Treviño tẹ ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún un tẹ̀. "Kò sí."

"Báwo ni kò ṣe sí?"

"Kò yàtọ̀. Pẹ̀lú irú owó tó ń wọlé fún ẹ, bóyá o pe ara rẹ ní omidan ni, bóyá o ní o lọ́kọ, owó orí kan náà ni."

Herlinda dìde dúró. Gbogbo àwọn tó ń kàwé gbé orí sókè. "Ẹ tún un sọ fún mi, bàbá. Irọ́ tí wọ́n ní mo pa, mi ò jèrè sẹ́ǹtì kan níbẹ̀?"

"O ò jèrè nǹkan kan."

"Tí ẹni tí wọ́n fi owó orí ilẹ̀ yìí bọ́ sì jókòó síbẹ̀, tó ń fi ẹ̀rín wẹ́rẹ́ pè mí ní òpùrọ́? Irú olè wo ló ń jí ohun tí kò sí?"

"Jókòó, ọmọ mi," Ọ̀gbẹ́ni Treviño rọra wí. "Ilé ìkàwé la wà."

Ìgbà tó délé, iṣẹ́ tó le jù ló kù. Doña Eduviges ń na tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, lórí tábìlì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, kìkì pé tortilla ń fẹjú sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyẹn ni pé o fẹ́ fọwọ́ sí i pé o ti di ìyàwó ilé ní Kérésìmesì, nígbà tó jẹ́ pé nínú ilé mi níbí lo wà, tí mò ń gbọ́ bó o ṣe ń hanrun?"

"Ìjọba ni mò ń kọ ọ́ sí, Màmá. Kì í ṣe Ọlọ́run."

"Ọlọ́run náà mọ̀wé kà."

"Màmá!"

"Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní irọ́ ni mo fi ẹ́ pa, pé o ti ń lọ, o ti ń bọ̀, tí èmi jókòó kalẹ̀ bí alákàrà tí mò ń ka ìlẹ̀kẹ̀."

Herlinda fa àga, ó jókòó tì í. Ohùn tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Màmá, ẹ ní kí n tọ́jú bàbá, mo tọ́jú wọn. Ẹ ní kí n dúró de Fadá, mo dúró. Ẹ bọ́ òrùka lọ́wọ́ mi lórí afárá lójú gbogbo ayé, mi ò wí nǹkan kan. Mo ti ṣe omidan tó, Màmá. Ìyàwó ni mo fẹ́ ṣe báyìí, ọkọ mi sì wà ní òdìkejì odò, ó ń fi ìka ka àwọn tó ń sọdá. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ rere yín ni yóò mú un jókòó síbẹ̀, ẹ sọ fún mi lónìí, kí n lọ bá a."

Doña Eduviges dáwọ́ ìyẹ̀fun dúró. Tortilla tó wà lórí iná jóná, kò yí i. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí i pé mi ò gbà."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Herlinda kọ ọ́. Èyí tó kọ sí ọ̀gá físà rèé: "Mo fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó níwájú adájọ́ ní oṣù Kejìlá. Fadá so wá pọ̀ ní oṣù Karùn-ún. Láàárín méjèèjì, ilé ìyá mi ni mo wà, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí Fadá ò tíì bù kún kì í kó lọ sílé ọkọ. Mo rò pé ìyàwó tí ẹ ń béèrè ni èyí tí àwa mọ̀. Ẹ̀yin kò ṣàlàyé, èmi náà kò bi ẹni tó yẹ kí n bi. Mo ti tún un ṣe. Owó yín kò dín, kò sì lé. Ìyá mi ní kí n sọ fún yín pé òun ò tíì gbà pé ìgbéyàwó ni ti oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe òpùrọ́, ọkọ mi náà kì í ṣe òpùrọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe pè wá bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Treviño ní kó yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn kúrò. Kò yọ ọ́.

Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì físà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Evaristo, wọ́n sì dúró. Ilé-ìwé gba ìsinmi, ooru jó koríko etí odò di funfun, ilé-ìwé tún wọlé. Ìwé kankan ò wá láti sọ pé ẹ má bínú, a pè yín ní orúkọ tí kò tọ́ sí yín. Kí atẹ́gùn òtútù àkọ́kọ́ tó fẹ́ wá láti àríwá, wọ́n dá ìwé ìrìnnà Evaristo padà láti ọ́fíìsì físà. Nígbà tó ṣí i, físà wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó sọdá, Herlinda àti ìyá rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ ní Miguel Alemán kí wọ́n lè jọ rin afárá wọlé. Evaristo gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó wọ bàtà tuntun tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè, ọmọkùnrin àdúgbò kan tí àkọlé àyà rẹ̀ ní Garza, ṣí ìwé náà, ó wo Evaristo, ó wo Herlinda.

"Ìgbà wo lẹ ṣègbéyàwó?"

"Oṣù Kejìlá!" Evaristo dáhùn kíá, ó ti kọ́gbọ́n.

"Oṣù Karùn-ún," Doña Eduviges wí láti ẹ̀yìn.

Herlinda tẹ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Garza gbé orí sókè, ó wo arúgbó náà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá ìyàwó mi náà ò tíì gbà pé ìgbéyàwó ni ti ọ́fíìsì wa," ó wí. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gbẹ́ni." Ó sì lu òǹtẹ̀ náà.

Evaristo rẹ́rìn-ín. Doña Eduviges pàápàá rẹ́rìn-ín. Herlinda ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ọmọkùnrin inú àpótí gíláàsì yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí rèé, tó lóye rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ló sì jìnnà sílé òun. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa wọn ni wọ́n fún ní agbára láti pè wọ́n ní òpùrọ́.

"Kí ló dé tí ojú ẹ fi le báyìí, aya mi?" Evaristo bi í. "A ṣáà ti dé."

"Gbé àpò ẹ," ó wí. "A ti dé. Mi ò sọ pé mo ti dárí jì wọ́n."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí òrùka wà lára rẹ̀ jáde, ó di ọkọ rẹ̀ mú lójú gbogbo ayé lórí afárá, ìyá rẹ̀ sì rọra sún sẹ́yìn fún wọn.